Bí Gílóòbù Bá Tàn, Ṣé Iṣẹ́ Ti Parí?

Ní ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, mo wà níbi ayẹyẹ ìyọ̀ǹda ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó fi ọdún mẹ́ta gbáko kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Ayẹyẹ náà wuyì. Ọ̀gá rẹ̀ wọ agbádá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ iná jókòó lọ́wọ̀ọ́wọ́, ìyá ọmọ náà kò sì ráyè jókòó rárá. Bí ó ti ń gbé oúnjẹ fún ẹni yìí ni ó ń bu omi fún ẹni yẹn. Nígbà tí àkókò tó, ọmọ náà kúnlẹ̀, àwọn àgbà gbàdúrà sí i lórí, ọ̀gá rẹ̀ sì fi pláyà, òòlù àti tẹ́sítà tuntun lé e lọ́wọ́. Wọ́n ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wa pé ó ti mọ iṣẹ́ náà dájú, pé ó sì lè dá dúró láti ọjọ́ náà lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo ní, “Ọmọ mi, bí o bá ti tẹ́ wáyà sínú ògiri tán, tí àwọn bíríkìlà sì ti rẹ́ ẹ, kí ni ìwọ yóò fi mọ̀ pé wáyà náà pé, pé kò sì lábùkù ní ibi tí ojú kò tó?” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa tẹ́sítà tuntun náà yọ. “Òun nìyí, Bàbá. Bí a bá ti fi kàn án tí ó tàn, iṣẹ́ parí nìyẹn, sà.” Mo wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá mi orí pé òótọ́ ni. N kò lè bínú sí ọmọ náà, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni ó sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀ràn yìí ni mo mú wá síwájú yín lónìí. Èmi kò wá láti fi àwọn oníṣẹ́ iná wa ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá rí bí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gun òkè àjà nínú ooru ọ̀sán gangan, bí wọ́n ti ń fi òòlù àti ṣísù gbẹ́ ojú ògiri, tí wọ́n ń fa wáyà gba inú páìpù láti yàrá dé yàrá, ẹ óò mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdajì iṣẹ́ ni a ń kọ́ wọn. A ń kọ́ wọn bí a ti ń so wáyà pọ̀. A kò kọ́ wọn bí a ti ń dán ohun tí a so wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, inú ìdajì kejì yìí gan-an ni ẹ̀mí onílé wà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ tẹ́sítà náà wò ná, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó dàbí sukudiráfà kékeré. Gílóòbù kíún kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ń dín agbára iná kù. Bí a bá fi ẹnu rẹ̀ kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀, tí a sì fi ìka kan ìdí rẹ̀, díẹ̀ bín-ín-tín nínú iná náà yóò gba ara ẹni tí ó dì í mú kọjá lọ sí ilẹ̀, gílóòbù náà yóò sì pọ́n. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: iná wà níhìn-ín. Kò sọ bóyá awọ ara wáyà ti bó nínú ògiri. Kò sọ bóyá wáyà éètì dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ó dàbí ajá tí ń gbó lójúde. Ó sọ fún wa pé ẹnì kan ń bọ̀, kò sọ fún wa bóyá olè ni tàbí àna wa.

Ìgbà tí kò bá tàn ni ó tilẹ̀ léwu jù. Ẹni tí ó dúró lórí àkàbà igi gbígbẹ lè fi tẹ́sítà kan wáyà kí ó má rí ìmọ́lẹ̀ gidi kan, kí iná sì wà níbẹ̀ ní kíkún. Gílóòbù inú rẹ̀ sì lè ti kú láti àná. Nítorí náà ni àwọn tí a kọ́ dáadáa fi ní òfin kan tí wọn kì í rú. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan wáyà, wọn a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìdánwò wọn kan ibi tí wọ́n mọ̀ dájú pé iná wà. Wọn a wá fi kan ibi tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí wọn a tún padà fi kan ti àkọ́kọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ti kú lójú ọ̀nà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àwọn tí kò ṣe é wà lára àwọn tí a ń sọ nípa wọn pé “iná gbé e níbi iṣẹ́”, bí ẹni pé iná náà ni ó wá a wá.

Wáyà mẹ́ta ni ó yẹ kí ó dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: láífù, níútírà àti éètì. Méjì àkọ́kọ́ ni ó ń mú fáànù yí, tí ó ń mú fíríìjì tutù. Ẹ̀kẹta kì í ṣe iṣẹ́ kankan ní ọjọ́ tí nǹkan bá ń lọ déédéé, ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti fò ó dá. Onílé kò ní mọ̀, nítorí pé gbogbo nǹkan ń tàn. Ó di ọjọ́ tí wáyà inú fíríìjì bá fi ara kan irin ara rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Kí éètì wà nìkan kò sì tó. Ó yẹ kí a mọ bí ó ti dára tó, èyí kò sì ṣeé fi ojú wò. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Iná tí ń wọ ilé wa jẹ́ 230 fóólìtì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdènà tí irin éètì ẹ̀yìnkùlé ń ṣe fún iná tó 100 óòmù, èyí tí kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ gbígbẹ tàbí ilẹ̀ olókùúta. Bí láífù bá kan irin ara fíríìjì, iná tí yóò lè gba éètì náà wọlẹ̀ ni 230 tí a fi 100 pín, èyíinì ni 2.3 áńpíà. Bírékà 20 áńpíà tí ó wà lára ògiri ní tirẹ̀ ń dúró de ohun tí ó ju 20 lọ kí ó tó já. Kò ní já. Ara fíríìjì náà yóò wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 230 fóólìtì lára rẹ̀, títí di ìgbà tí ọmọ kékeré kan yóò fi ẹsẹ̀ tútù wá omi mu. Bẹ́ẹ̀, iná tí ó lè pa ènìyàn kò tó áńpíà kan rárá. Ní 0.03 áńpíà ni a ti ń fẹ́ kí ẹ̀rọ aláàbò gé iná kúrò.

Ẹ̀rọ aláàbò yìí ni wọ́n ń pè ní RCD, ó sì ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tuntun. Ó ní bọ́tìnì kan lójú tí onílé lè máa tẹ̀ láti dán an wò, ó sì dára kí ó máa tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì náà kàn ń sọ pé ẹ̀rọ ọ̀hún ṣì lè já ni. Kò sọ bí ó ti yára tó, kò sì sọ ohunkóhun nípa éètì. Ẹ̀rọ ìdánwò ni yóò sọ bóyá ó gé iná láàrin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti wí.

Ní ti irin éètì, ìtàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí oníṣẹ́ gbẹ́ ihò, kí ó da iyọ̀ àti èédú sí i, kí ó ri irin mọ́lẹ̀, kí ó bu omi lé e, kí ó sì ní ó tán. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, òjò á fọ iyọ̀ náà lọ, iyọ̀ ọ̀hún á sì ti jẹ irin náà kí ó tó lọ. Bákan náà ni éètì tí a wọ̀n ní oṣù Keje, nígbà tí ilẹ̀ rin gbindin, kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún oṣù Kínní nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ ilẹ̀ kanlẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n ní èèkàn kékeré méjì tí a ń gún mọ́lẹ̀ ní ibi tí ó jìnnà díẹ̀ sí irin náà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le. Mo bi oníṣẹ́ iná mẹ́fà léèrè bóyá wọ́n ti lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ní òun ti rí i, ní ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tí èmi kà sí ọba nínú gbogbo wọn ni èyí tí a ń ṣe kí a tó tan iná sí ilé rárá. A ó yọ gbogbo gílóòbù, a ó yọ gbogbo ohun tí ó wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó wá fi ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Megger ti 500 fóólìtì sára wáyà láti mọ̀ bóyá awọ wọn ń dá iná dúró. Òǹkà tí ẹ̀rọ náà bá mú wá kò gbọdọ̀ kéré sí óòmù mílíọ̀nù kan. Wáyà tuntun tí kò lábùkù a sì máa ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Bí eku bá ti jẹ wáyà nínú àjà, bí omi bá ti wọ inú páìpù, bí káfíńtà bá ti kan ìṣó gba ààrin wáyà kọjá láìmọ̀, ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Gílóòbù yóò máa tàn lórí gbogbo àbùkù wọ̀nyí. Megger kò ní gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí ń bá fínra. Ní West Bromwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2007, iná pa ìyá ọ̀dọ́ kan nínú ilé ara rẹ̀ nígbà tí omi ń jò tí ó sì fẹ́ bójú tó o. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ilé náà ni ìdè tí a fi ń de pátákó mọ́ ògiri ti gún wáyà kan. Ìdánwò ni ì bá tú àṣírí náà. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ tí kò tóó dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n fi í sí lọ́wọ́. Ọ̀ràn náà dé ilé-ẹjọ́. Ilẹ̀ tí èyí sì ti ṣẹlẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó ti ní ìwé òfin wáyà sísọ láti 1882, tí àtúnṣe kejìdínlógún ìwé náà sì jáde ní 2018. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìdánwò ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ àyẹ̀wò àti ìdánwò iná jẹ́. Nọ́ńbà 2391 ti City and Guilds kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ wa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn tí ó ti jẹ́ ọ̀gá níhìn-ín kí ó tó lọ. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ náà lé òun lọ́wọ́, òun kò mọ ibi tí a ti ń tàn án.

Ti súwíìṣì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láífù ni súwíìṣì gbọ́dọ̀ gé. Bí oníṣẹ́ bá gbé níútírà síbẹ̀, gílóòbù yóò kú nígbà tí a bá pa á, yóò tàn nígbà tí a bá tan án, gbogbo ènìyàn yóò sì ní iṣẹ́ dára. Ẹni tí ó bá gun àga láti pààrọ̀ gílóòbù, lẹ́yìn tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa súwíìṣì, ni yóò mọ̀ pé iná kò kúrò níbẹ̀.

Iná mànàmáná kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ó ti wà ní Èkó láti 1896. ECN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, NEPA gba ipò rẹ̀ ní 1972, PHCN dé ní 2005, nígbà tí ó sì di 2013, iṣẹ́ pínpín iná bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Orúkọ ń yí padà lórí bébà. Wáyà inú ògiri kò bá wọn yí. Ní 2015, òfin gbé àjọ NEMSA kalẹ̀ láti máa ṣe àyẹ̀wò àti ìdánwò ohun èlò iná, kí ó sì máa fún àwọn tí ó kúnjú òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí olúkúlùkù onílé tí ń ka ìwé ìròhìn yìí bi ara rẹ̀ léèrè: ta ni ó dán ilé mi wò kí a tó tan iná sí i, níbo sì ni ìwé òǹkà rẹ̀ wà?

Láti 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa àti òfin iná tuntun ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára lórí ọ̀ràn iná ní ilẹ̀ wọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àbójútó náà lọ́wọ́ àjọ NERC ní 2024. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ láti ìgbà náà jẹ́ ti iye owó iná àti ti bí iná yóò ti pọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá pọ̀ sí i tí ó sì ń wọ ilé tí a kò dán wò, kí ni a pọ̀ sí i? Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè sọ mọ́ pé Àbújá ni ó di àwọn lọ́wọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ilé kan kò gbọdọ̀ gba iná láìjẹ́ pé ìwé ìdánwò rẹ̀ wà, pẹ̀lú òǹkà nínú rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó wọ̀n ọ́n.

Ta ni yóò wá wọ̀n ọ́n? Ibí ni ọ̀rọ̀ padà sí orí ẹ̀kọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ọmọ wa ń gbà dé inú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń gba ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-iṣẹ́ kọjá, tí wọ́n ń ṣe ìdánwò NABTEB. Àwọn mìíràn ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní trade test, tí ó ní ipele mẹ́ta. Àwọn tí ó sì pọ̀ jù ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá. Èmi kì í kẹ́gàn ti ẹsẹ̀ ọ̀gá. Ọmọ tí ó ti bá ọ̀gá gun àjà fún ọdún mẹ́ta mọ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti rí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó lè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ óòmù sójú pátákó, tí kò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìdánwò rí títí ó fi jáde. Àìsàn kan náà ni ó ń ṣe àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju èyí lọ. Kí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná má ṣe fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda ọmọṣẹ́ kankan mọ́, àyàfi bí ó bá ti dá ilé kan dán wò lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó kọ òǹkà rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì lè sọ ìtumọ̀ òǹkà náà fún onílé ní èdè tí onílé yóò gbọ́. Wọn yóò ní ẹ̀rọ náà wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, kò sì yẹ kí a sọ pé kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ ra ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń da ankará fún ayẹyẹ ọdọọdún lè da owó ẹ̀rọ kan jọ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a lò. Àwọn ọ̀gá kan yóò tún sọ pé ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láìlo ẹ̀rọ kankan, tí ilé ẹnikẹ́ni kò sì jó. Ta ni nínú wọn ni ó ti padà lọ wò?

Àwa onílé pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. A ń ná owó gọbọi sórí àjà alárànbarà, a ń ná an sórí táìlì, nígbà tí ó bá wá kan oníṣẹ́ iná, a ó máa bá a ná an bí ẹni ń ná ata lọ́jà. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ gba owó ìdánwò, a ó ní ṣé kì í ṣe òun ni ó so ó ni.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnu lásán ni mo fi ń ṣe é, mo yá ẹ̀rọ ìdánwò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan, ẹnjiníà tí ó ti fẹ̀yìn tì, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá. Mo ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n dé. Ilé mi ni a lò, ilé tí mo ti ń gbé láti ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, tí mo sì máa ń fi iṣẹ́ wáyà rẹ̀ yangàn. Wọ́n pa iná, wọ́n yọ gbogbo gílóòbù. Ọ̀rẹ́ mi fi hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Awọ wáyà dára ní gbogbo yàrá. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ gbera; nígbà tí wọ́n dé pálọ̀, òun ni ó ń di ìwé mú tí ó ń kọ òǹkà sílẹ̀.

Ilé ìdáná ni ó kù. Ọmọ náà wọ̀n éètì sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fíríìjì wa wà, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wọ̀n. Kò sọ̀rọ̀. Ó mú sukudiráfà, ó tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Wáyà aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ náà nígbà ìkọ́lé ti gé e kúrú, ó sì ti ká a mọ́ ẹ̀yìn. Kò so ó mọ́ ohunkóhun. Ọdún mọ́kànlá ni fíríìjì náà ti wà níbẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì ti ń fi ọwọ́ tútù ṣí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá lo ìsinmi. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ má tíì tan iná.” Ó so ó mọ́ ibi tí ó yẹ, ó tún un wọ̀n, ó sì sọ òǹkà náà fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó kọ ọ́.